Ṣé Àìgba Kádàrá Gbọ́ Ni Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Kí A Tó So Yìgì?



Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ìbéèrè kan máa ń wáyé ní ilé kéú wa ní Ilé-Ogbó nígbàkígbà tí a bá dé orí ẹ̀kọ́ ìgbéyàwó: bí Ọlọ́hun bá ti kọ ọ́ pé ọmọ wa yóò ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, àyẹ̀wò wo ni yóò pa á rẹ́? Àwọn tí ń béèrè kì í ṣe aláìgbàgbọ́. Ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àgbà ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Àrùn yìí kì í ràn, à ń jogún rẹ̀ ni. Ọmọ a gba ẹyọ kan lọ́dọ̀ bàbá, a gba ẹyọ kan lọ́dọ̀ ìyá. Ẹni tí ó gba A méjì ni AA, ẹni tí ó gba S méjì ni SS, òun ni àrùn ń bá jà. AS tí ó wà láàárín ni ìdí ọ̀rọ̀. Ara rẹ̀ le, ó ń gbá bọ́ọ̀lù, ó ń gba ààwẹ̀, ó sì lè di arúgbó kí ó má mọ̀. Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan ni AS. Kì í ṣe ègún o. Ní ọdún 1954, Anthony Allison fi hàn pé AS máa ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ibà tí ẹ̀fọn ń fà, ìdí nìyẹn tí ó fi pọ̀ nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti di SS. Oyún kọ̀ọ̀kan ni mo wí, nítorí àwọn kan rò pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, àwọn tó kù ti bọ́ nìyẹn.

Ní ti kádàrá, nígbà tí Sàyídínà Umar ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáàmù, ó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ ibẹ̀, ó sì pinnu láti padà. Abu Ubayda bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ló ń sá fún. Èsì rẹ̀ ni pé inú kádàrá kan ni àwọn ti ń bọ́ sínú òmíràn. Darandaran tó da ẹran síbi tútù àti èyí tó dà á síbi gbígbẹ, kádàrá ni ti àwọn méjèèjì. Àwọn bàbá wa tó ń fi kádàrá kọ àyẹ̀wò yìí, ṣebí àwọn náà ló ń rán alárinà lọ wádìí bóyá wèrè tàbí ẹ̀tẹ̀ wà nínú ìran ìyàwó? AS nìkan ni alárinà kò lè rí.

Ohun tó ṣòro ju kádàrá lọ ni òótọ́. Mọ́sálásí púpọ̀ ń béèrè ìwé àyẹ̀wò kí wọ́n tó so yìgì. Ó dára, ṣùgbọ́n nígbà yẹn aṣọ ẹbí ti wà lọ́rùn. Ìyẹn ló ń mú kí ẹlòmíràn lọ ra ìwé AA. AS kì í ṣe àléébù, fífi í pa mọ́ fún ẹni tí yóò bá ọ bímọ ni àléébù, bẹ́ẹ̀ ẹ̀sìn wa kò gbà kí oníṣòwò fi àbùkù ọjà pa mọ́ pàápàá. Ní tèmi, ilé ẹ̀kọ́ girama ni kí ọmọ ti mọ ti rẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ tó fà sí ẹnikẹ́ni, kí ó sì tún un ṣe ní ibòmíràn.

Àwọn AS méjì tó ti fẹ́ra wọn ńkọ́? Ẹ má tú ilé wọn ká. Láti ọdún 2004 ni ilẹ̀ Sáúdí ti sọ àyẹ̀wò yìí di dandan kí wọ́n tó so yìgì, síbẹ̀ wọ́n fi ìpinnu sílẹ̀ fún tọkọtaya. Ojúṣe wọn wà lára ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń lò láti inú oyún máa ń bo àrùn náà mọ́lẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, ọmọ a máa rẹ́rìn-ín, a máa sanra, ìyá a ní ó ti bọ́. Bí a bá tètè mọ̀, pẹnisílíìnì ojoojúmọ́ àti oògùn ibà lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Àìmọ̀ yìí ló mú kí àwọn baba ńlá wa máa pe ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àbíkú. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti gìgísẹ̀ ọmọ ni wọ́n ń gbà, níbi tí ilé ìwòsàn bá ti ní irinṣẹ́ rẹ̀, a sì lè ti gbà á kí àgbò ìsọmọlórúkọ tó dé ilé.