Àṣírí Ta Ni A Ń Bò?

Nínú àwọn àdúrà tí àwa Yorùbá máa ń gbà jù lọ ni èyí wà, pé kí Ọlọ́run bò wá ní àṣírí. Àdúrà rere ni, nítorí kò sí ẹni tí ó fẹ́ dójú tì ní gbangba. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé bá mi gbé ìbéèrè kan yẹ̀ wò: nígbà tí a bá hùwà ìkà sí ọmọdé nínú ilé, tí àwọn àgbà sì wí pé kí ọ̀rọ̀ náà má ṣe jáde, àṣírí ta ni a ń bò?

Ẹ jẹ́ kí a fi ìlú Ọ̀tà ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú àwọn Àwórì láti àtijọ́ ni, agbo ilé ni àwọn baba wọn sì ń gbé. Ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í tọ́ ọ. Bí ọmọ bá ń rù láìṣàìsàn, tàbí tí ó ń sá fún ẹnì kan, ìyá àgbà tí ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè rí i. Lónìí, ilé-iṣẹ́ ńláńlá kún Ọ̀tà àti Sango, àwọn ènìyàn sì ti onírúurú ìlú wá iṣẹ́ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé a máa gbé ilé kan, yàrá kọjú sí yàrá, láìmọ orírun ara wọn. Baba lè wà ní iṣẹ́ òru, kí ìyá ti jí lọ sí ọjà, kí ọmọ sì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá kù nílé. Igba ojú ti dín kù, ṣùgbọ́n àṣà pípa ẹnu mọ́ kò dín kù.

Kì í ṣe Ọ̀tà nìkan ni èyí kàn. Ìwádìí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2014 fi hàn pé nínú ọmọ 10, bí 6 ni a ti hùwà ipá sí kí wọ́n tó pé ọdún 18, àti pé àwọn tí ó rí ìrànlọ́wọ́ gbà kò tó 5 nínú 100.

Àwọn kan yóò wí pé bí ọ̀rọ̀ bá jáde, orúkọ ìdílé yóò bàjẹ́, àti pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Èmi kò fi ojú tín-ín-rín ọ̀rọ̀ wọn. Ìyá tí ó ń ti ọwọ́ oníṣẹ́ ibi náà jẹun mọ ohun tí ó ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n àṣírí dàbí aṣọ tí a fi ń bo ẹni tí òtútù ń mú. Bí a bá bọ́ ọ lára ọmọ, tí a fi bo ẹni tí ó ṣe é ní ibi, a kò bo àṣírí mọ́. Ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Kí a má gbé orúkọ ọmọ náà fún àwọn aláhesọ, èyí tọ́. Kí a fi ìwà ìkà náà pamọ́ fún àwọn tí ó lè dá a dúró, èyí kò tọ́.

Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ìlú tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà pẹ̀lú Ọ̀tà. Ọmọdé ni Àjàyí Crowther nígbà tí a kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí ayé fi sú u. Ní ọdún 1837 ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn náà sílẹ̀. Ní ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, òun àti ìyá rẹ̀ tún fi ojú kan ara wọn. Omijé ń ṣàn, ọ̀rọ̀ kò sì lè tètè jáde. Ta ni ó ka ìtàn yìí tí ó wí pé ìtìjú ni fún Àjàyí? Àwọn tí ó tà á ni ìtìjú bá. Kí ló dé tí a fi ń di ẹrù ìtìjú lé orí ọmọ tí a ṣe ní ibi lónìí?

Àwọn ìyá wa mọ bí a ti ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Wọn a gbà á mọ́ra, wọn a sì kì í ní oríkì rẹ̀. Ọmọ tí a ti ṣe bí ẹni tí kò ní láárí nílò láti tún gbọ́ ọmọ ẹni tí òun í ṣe. Ṣùgbọ́n bí kò bá fẹ́ kí a fi ọwọ́ kan òun, kí a má fi kàn án. Kí a má sì rò pé obì àti ẹ̀bẹ̀ láàárín àwọn àgbà ti wo ọgbẹ́ rẹ̀ sàn. Ó ń fẹ́ oníṣègùn àti olùdámọ̀ràn pẹ̀lú.

Ìwọ olùkọ́, bí ọmọ bá wá bá ọ, gbọ́ ọ dé òpin. Má bi í pé kí ni ó wá dé ibẹ̀. Má ṣèlérí pé o kò ní wí fún ẹnikẹ́ni. Wí fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, àti pé kìkì àwọn tí ó lè gbà á ni o ó sọ fún. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2003, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2006. Ẹ̀yin ọmọ, bí àgbà kan kò bá gbọ́ yín, ẹ lọ bá òmíràn.

Olúwa wa mú ọmọdé kan dúró ní àárín. Kò fi í pamọ́ sí ẹ̀yìn àwọn àgbà. Nígbà tí a bá tún gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bò wá ní àṣírí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wò ó bí aṣọ náà bá kan ẹni tí ó kéré jù nínú ilé.