Ẹnu Ọ̀nà Ta Ni A Ó Lóṣòó Sí?

Láyé àtijọ́, ẹni tó ta ọjà láwìn ni oorun kì í kùn. Àwọn oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń kiri ilẹ̀ Yorùbá mọ èyí dáadáa. Wọn a gbé aṣọ fún oníbàárà lónìí, wọn a padà wá gba owó rẹ̀ nígbà tó bá yá. Bí onígbèsè bá wá ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la, wọn a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọn ò ní jókòó, wọn ò ní dìde, títí owó yóò fi jáde. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba orúkọ Òṣómàáló. A ti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí, àmọ́ wọ́n mọ ohun kan: gbèsè kì í tán níbi tí ojú ẹni tó jẹ ẹ́ àti ojú ẹni tí wọ́n jẹ kò bá ti pàdé. Ayé àsansílẹ̀ tí a wà yìí ti yí nǹkan náà po. Lórí fóònù, oníbàárà ló ń gbé owó kalẹ̀ kó tó rí ọjà, ilé-iṣẹ́ ló sì wá jẹ ẹ́ ní gbèsè ìpè àti dátà. Àwa ni Òṣómàáló báyìí. Ẹnu ọ̀nà tí a ó lóṣòó sí ni a ò rí.

Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí pé owó ìpè wọ́n. Gbogbo ọjà ló wọ́n. Ìbéèrè ẹlẹ́sìn ni mo fẹ́ bi: láàárín ìgbà tí a san owó yẹn àti ìgbà tí a bá lò ó, owó ta ni? Ṣé ó ti di ti ilé-iṣẹ́ pátápátá, tàbí àmáánà ni, ohun tí a fi pa mọ́ sí wọn lọ́wọ́? Ìlú tó yẹ kí a ti bi í ni Ìwó. Láyé Ọba Mọ́mọ́dù Lámúyẹ, Olúwòó àkọ́kọ́ tó jẹ́ mùsùlùmí, tó wàjà ní 1906, alùkálì ń fi òfin ṣàríà dá ẹjọ́ nílùú náà. Ní 2001, ọdún kan náà tí ìjọba fún àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù alágbèéká ní ìwé àṣẹ, ìjọ Onítẹ̀bọmi gba ìwé àṣẹ Yunifásítì Bowen, tó wà ní Ìwó títí dòní. Àáfà àti pásítọ̀ jọ ń ra gàrí lọ́jà kan náà níbẹ̀. Bí ìyá alágàrí bá ń wọ̀n ọ́n, oníbàárà a máa wo ọwọ́ rẹ̀: ṣé kóńgò náà kún dé etí, àbí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú? Bó bá fura, á ní, “Ìyá, ẹ fún mi lénì o,” ènì á sì bọ́ sínú ọ̀rá. Nínú òwò tiwa, ojú ẹni tó ń rajà wà lára òṣùwọ̀n.

Ẹ̀sìn kò ní kí ènìyàn má sanwó ọjà sílẹ̀. Nígbà tí Ànábì Muhammad dé Mẹ̀dínà, ó bá àwọn ará ìlú tí wọ́n ń san owó dàbínù ní ọdún kan tàbí méjì ṣáájú ìkórè. Kò ní kí wọ́n jáwọ́. Ó ní kí òṣùwọ̀n rẹ̀ dájú, kí ìwúwo rẹ̀ dájú, kí ọjọ́ tí wọn yóò gbà á dájú. Òwò yìí làwọn onímọ̀ ń pè ní salam. Alájọ ilẹ̀ wa náà ń gba owó sílẹ̀. Ó ń sàmì sí káàdì, owó ọjọ́ kan lóṣù ni tirẹ̀, ìyókù jẹ́ ti ẹni tó dá a. Bí ẹni tó ń dájọ bá ṣàìsàn tí kò rí nǹkan dá fún oṣù méjì, alájọ kò jẹ́ sọ fún un pé èyí tó ti dá tẹ́lẹ̀ ti jóná. Nítorí náà, àsansílẹ̀ fúnra rẹ̀ kò lẹ́ṣẹ̀. Ọwọ́ ẹni tí òṣùwọ̀n bá wà ni ká wò.

Ìtàn fóònù alágbèéká láti ogún ọdún ó lé yìí fi hàn pé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni òṣùwọ̀n wà. Fún ọdún méjì àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń ka owó ìpè: ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá san owó ìṣẹ́jú kan gbáko. Aráàlú ké, àwọn ilé-iṣẹ́ ní kò tíì ṣeé ṣe láti fi ìṣẹ́jú-àáyá kà á. Nígbà tó di oṣù kẹjọ 2003, ilé-iṣẹ́ Globacom dé, ìṣẹ́jú-àáyá ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí ohun tí kò ṣeé ṣe fi di ṣíṣe lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Lónìí dátà ló gba ipò yẹn. Lóòótọ́, fóònù fúnra rẹ̀ máa ń jẹ dátà lábẹ́lẹ̀, fídíò sì ń jẹ ẹ́ bí iná ṣe ń jẹ koríko gbígbẹ, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ké “wọ́n jí dátà mi” ni wọ́n jà lólè. Fóònù tún ní ibi tó ti ń ka ohun tó lò. Àmọ́ bí kíkà fóònù àti ti ilé-iṣẹ́ bá yàtọ̀, ti ilé-iṣẹ́ ni owó ń tẹ̀ lé. Kóńgò wà nínú yàrá ẹni tó ń tajà, ilẹ̀kùn sì tì.

Dátà tí a kò lò tán tún máa ń jóná bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé. Àwọn ilé-iṣẹ́ yóò ní ọjọ́ yẹn wà nínú àdéhùn, pé ẹni tó gba ilé fún ọdún kan tí kò sùn níbẹ̀ kò lè ní kí onílé dá owó òun padà. Àtakò tó lágbára jù nìyí, mi ò sì fẹ́ fò ó dá. Ẹ wò ó dáadáa. Àkókò nìkan ni onílé fi wọn ilé fún ayálégbé; láàárín ọdún yẹn, bó sùn níbẹ̀ lójoojúmọ́, bó gba ogún àlejò, owó ilé kò lé. Dátà olóṣù kan ní òṣùwọ̀n méjì, GB àti ọjọ́, èyí tó bá sì kọ́kọ́ tán ló ń pa èkejì. GB tán, ọjọ́ kù: ẹ tún rà. Ọjọ́ tán, GB kù: ẹ tún rà. Kí ìyá alágàrí kan sọ pé kóńgò mẹ́wàá rèé o, ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá jẹ ẹ́ tán kí oṣù tó parí, n óò wá kó ìyókù lọ. Ọjà á gbóná lọ́jọ́ náà. Mo gbà pé ọ̀nà inú afẹ́fẹ́ tí dátà ń gbà kò ṣeé kó sínú abà, àyè tí ẹnikẹ́ni kò lò lóru àná ti lọ, ilé-iṣẹ́ kò sì lè dì í mú de ènìyàn títí ayé. Ìyẹn lè dá gbèdéke tó gùn láre. Ọjọ́ kan tàbí ọjọ́ méje ńkọ́? Ní 2018, NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, ní kí dátà tó kù lè kọjá sí ètò tó tẹ̀ lé e. Ó dára, àmọ́ ẹni tó bá tètè ra òmíràn nìkan ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀: ẹ gbọ́dọ̀ fi owó tuntun ra owó àtijọ́ yín padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an rèé. Bí owó náà bá jẹ́ àmáánà, ẹni tó gbà á kò lè fara pa mọ́ fún ẹni tó ni ín. Ẹni tí a fi nǹkan pa mọ́ sí lọ́wọ́, tí a kan ilẹ̀kùn rẹ̀ tí kò dáhùn, ti ń sún mọ́ ọ̀dàlẹ̀, bí nǹkan náà tilẹ̀ ṣì wà níyàrá. Nítorí náà, iṣẹ́ kọsítọ́mà kíà kì í ṣe oore tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe wá. Ara ọjà tí a ti sanwó rẹ̀ ni. Nígbà tí oníbàárà kò lè rí inú kóńgò, etí tó ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ nìkan ló kù tó lè rọ́pò ojú tó fi ń wo ọwọ́ alágàrí. Bí wọ́n bá wá dín etí yẹn kù, òṣùwọ̀n ni wọ́n dín kù. Ẹ sì mọ bó ṣe ń rí: ohùn ẹ̀rọ á ní kí ẹ tẹ ọ̀kan fún èyí, kí ẹ tẹ èjì fún ìyẹn, orin á gba ẹnu rẹ̀, ohùn náà á tún padà wá tọrọ sùúrù. Odídẹrẹ́ ni wọ́n fi ń ki Ìwó. Ẹyẹ tó ń sọ̀rọ̀ láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣàjèjì síbẹ̀. Odídẹrẹ́ pàápàá a máa yíjú wo ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Láti ìparí 2020 tí ìjọba ti ní kí a so nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN mọ́ síìmù, orúkọ wa, ọjọ́ ìbí wa àti àwòrán ojú wa ti wà nínú àkọsílẹ̀. Wọ́n mọ ojú wa, àwa ò mọ tiwọn.

Kì í ṣe àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé fóònù ní kọsítọ́mà kíà ni mo ń bá wí. Àwọn náà kò ní kọ́kọ́rọ́ yàrá kóńgò. Ìwé tí wọ́n kọ fún wọn ni wọ́n ń kà jáde, ẹni tó sì ń bú wọn bú ẹni tí kò sí nílé. Oníbàárà náà kì í ṣe mọ́láíkà. Ẹni tó yá kírẹ́díìtì lórí fóònù, tó wá ju síìmù nù kó má baà san án, ti jẹ àmáánà.

Àwọn ilé-iṣẹ́ yóò tún sọ̀rọ̀ epo dísù tó gbówó lórí, wáyà inú ilẹ̀ tí àwọn atúnnàṣe ń gé, náírà tó já wálẹ̀. Òótọ́ ni. Torí èyí náà ni NCC ṣe gbà wọ́n láyè ní oṣù kìíní 2025 láti fi tó ìdá 50 nínú 100 lé owó ìpè àti dátà. Àmọ́ salam ti dáhùn èyí: bí òjò kò bá rọ̀ tí dàbínù kò sì so, kò sẹ́ni tó máa pe àgbẹ̀ lólè, síbẹ̀ ẹni tó sanwó lẹ́tọ̀ọ́ láti yàn, kó dúró de ìkórè tó ń bọ̀ tàbí kó gba owó rẹ̀. Àìlẹ́bi àgbẹ̀ kò sọ owó di tirẹ̀. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lè lọ láìjẹ́ ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ibi tí owó wà lásìkò náà ni ìbéèrè.

“Kí ni 10 náírà?” Ìdáhùn tí ènìyàn ń gbọ́ jù nìyí, láàárín àwa fúnra wa pàápàá. Súrà 83 nínú Alùkùránì, Suratul Mutaffifin, tó gba orúkọ rẹ̀ lára àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù, kò sọ iye tó gbọ́dọ̀ dín kí ó tó di ẹ̀ṣẹ̀. Orí 11 ìwé Òwe, tó fi ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n èké bẹ̀rẹ̀, kò sọ ọ́. Síìmù tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà lé ní 150 mílíọ̀nù. Bí 10 náírà bá ṣìnà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré, 1.5 bílíọ̀nù náírà ti lọ, kò sì sí ẹnì kan tó pàdánù ohun tó tó kó tìtorí rẹ̀ wọkọ̀ lọ fẹjọ́ sùn ní Òṣogbo. Bí owó náà ṣe kéré tó ló jẹ́ ààbò fún ẹni tó mú un. Àwọn àáfà máa ń sọ pé túúbá lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kò pé àfi kí a dá nǹkan padà fún ẹni tó ni ín tàbí kó yọ̀ǹda rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kò ní ọkàn, kò ní sàréè, a ò ní pe orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ Àlùkìyáámọ̀. Àwọn tó jókòó níbi tí wọ́n ti fọwọ́ sí òfin kóńgò ni wọn yóò pè. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ogúnlọ́gọ̀ tí wọn kò rí rí? Ojú ọ̀nà tó wà nílẹ̀ kò ju nọ́ńbà tí ọ̀pọ̀ ń pè tí wọn kì í rí ẹni gbé e: 300 fún ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀, 622 fún NCC bí ti àkọ́kọ́ bá kọ̀.

Síìmù tí kò bá pe ẹnikẹ́ni, tí kò ná kọ́bọ̀ fún oṣù mẹ́fà, òfin gbà kí wọ́n tì í. Bó bá tún fi oṣù mẹ́fà dákẹ́, nọ́ńbà náà lè di ti ẹlòmíràn. Àwọn kan nínú irú síìmù bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó ti kú. Bí ọlọ́jọ́ bá dé ní Ìwó, àáfà á pín ogún: ilẹ̀, ilé, owó báńkì, àgbàdá, ìlẹ̀kẹ̀, ìdá kẹjọ fún àwọn ìyàwó, ọkùnrin méjì obìnrin kan, títí dé orí kọ́bọ̀. Fóònù olóògbé náà á wà lára ẹrù tí wọ́n kó jọ sórí ẹní. Wọ́n á pín in. Owó tó wà nínú síìmù rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò kà á.