Ojú Olórí Lórí Sítáǹpù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Àwa alààyè tí a kì í yin ara wa ni ọ̀pọ̀ ń fi òwe yìí bá wí. Lójú tèmi, ó tún jẹ́ ìkìlọ̀ fún ẹni tó bá wà lórí oyè.

Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yìn ikú ààrẹ ni wọ́n ń ṣe sítáǹpù fún un. George H. W. Bush kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018. Ọjọ́ ìbí rẹ̀, 12 oṣù Kẹfà ọdún 2019, ni tirẹ̀ jáde. Ọ̀tọ̀ ni ti Gánà. Ní 6 oṣù Kẹta ọdún 1957 tí wọ́n gba òmìnira, àwòrán Kwame Nkrumah, tó wà láyé, tó sì wà lórí àlééfà, ni wọ́n yà sórí sítáǹpù.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká yára dá a lẹ́bi. Orí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì, tí òun náà wà láàyè, ló wà lórí sítáǹpù Gold Coast tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Nkrumah ń ṣàlàyé ìdí tí orí Ọbabìnrin fi ń kúrò lórí owó, ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn òun kò mọ̀wé. Àmì ni wọn yóò fi mọ̀ pé àwọn ti gba òmìnira. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ṣé ojú ènìyàn kan ni àmì òmìnira? Àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lórí sítáǹpù kan náà ńkọ́?

Lọ́dún 1958 ni òfin fífi ènìyàn sátìmọ́lé láìgbé e dé ilé ẹjọ́ jáde. J. B. Danquah, tó bá a du ipò ààrẹ lọ́dún 1960, kú sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Nsawam lọ́dún 1965. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ta ni yóò sọ ní gbangba pé ojú ààrẹ kò yẹ lórí sítáǹpù? Iyì tí a kò lè kọ̀ láti fúnni kì í ṣe iyì mọ́. Owó orí ni.

Àwọn ológun gba ìjọba ní 1966, wọ́n sì wó ère tí wọ́n ṣe fún un láàyè lulẹ̀. Lọ́dún 2009, tó pé 100 ọdún tí wọ́n bí i, Gánà fi ọjọ́ ìbí rẹ̀ ṣe ìsinmi. Òkú kò lè rán ọlọ́pàá sí ẹnikẹ́ni, nítorí náà iyì kejì yìí ni mo gbà gbọ́.

Síbẹ̀, bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ọmọ tó bá bèèrè pé ta ni bàbá inú sítáǹpù yìí, ká sọ ti òmìnira fún un, ká sì sọ ti Nsawam pẹ̀lú.