Àṣírí Ọmọdé Nínú Eré Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Láti ìgbà tí àwọn Yorùbá ti ń ta ayò ni ó ti hàn pé eré a máa tú ìwà ènìyàn síta. Ẹni tí ó bá jókòó ti ọpọ́n, kò ní pẹ́ tí àwọn òǹwòran yóò fi mọ̀ bóyá onísùúrù ni tàbí oníwàǹwára, àti bóyá inú a máa bí i bí wọ́n bá pa á láyò. Kò sí ẹni tí ó ka èyí sí àfojúdi, nítorí pé bí òǹwòran ti ń wo ọ̀tayò ni ọ̀tayò náà ń wo òǹwòran. Ó mọ ilé oníkálukú wọn. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, tí wọ́n gbé ọpọ́n wọlé, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n rí a di ìgbàgbé.

Eré orí fóònù kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni fi ojú inú wo ọmọ ọdún 11 kan ní Kétu, tí ìyá rẹ̀ ń ta tòmátì ní ọjà Máìlì 12. Nígbà tí ìyá bá ti ọjà dé lálẹ́, tí oorun sì gbé e lọ, ọmọ a mú fóònù rẹ̀, a wọ inú eré tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìkòsì ti jọ dá àdéhùn sí. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n pe eré náà. (Ẹni tí ó bá fi etí Yorùbá gbọ́ orúkọ Kòsọ́fẹ́, tí Kétu wà lábẹ́ rẹ̀, yóò rò pé ọ̀rọ̀ ọlọ́jà ni: kò sí ọ̀fẹ́.) Dátà nìkan ni ọmọ náà mọ̀ pé òun ní láti rà. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ méjì ni dátà ní. Ọ̀kan ni èyí tí ọmọ ń rà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tẹlifóònù. Èkejì ni èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn oníléeṣẹ́ eré ń kó lọ́wọ́ rẹ̀: wákàtí tí ó fi ń ṣeré, irú fóònù tí ó ń lò, àwọn tí ó ń bá ṣeré, ohun tí ó máa ń wù ú láti rà, àti ibi tí ó ti ń juwọ́ sílẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé kò sí olè níbẹ̀, nítorí pé kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni ọmọ ti tẹ ibi tí wọ́n kọ “Mo gbà” sí. Gbígbà yìí gan-an ni ó yẹ kí á yẹ̀ wò. Nínú èdè Yorùbá, ẹni tí ó fara mọ́ ọ̀rọ̀ gbà. Ẹni tí ó mú nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn náà gbà á. Ní Máìlì 12, ẹni tí ó fẹ́ ra apẹ̀rẹ̀ tòmátì a máa fẹ́ mọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀, nítorí pé èyí tí ó ti rà lè wà lábẹ́ èyí tí ó ń dán. Ìwé àdéhùn eré gùn, èdè agbẹjọ́rò ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Ọmọ ọdún 11 kò lè tú u wò dé ìsàlẹ̀. Kí ni ó wá gbà?

Òfin mọ ìṣòro yìí. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, bèèrè ìyọ̀ǹda òbí tàbí alágbàtọ́ lórí dátà ọmọdé. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1998 béèrè irú rẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, àjọ Federal Trade Commission kéde pé Epic Games, tí ó ni eré Fortnite, yóò san 275 mílíọ̀nù dọ́là lórí ẹ̀sùn pé ó kó dátà irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ láìgba ìyọ̀ǹda òbí wọn.

Ṣùgbọ́n ìyọ̀ǹda òbí kò yanjú ọ̀rọ̀ náà ní Kétu. Fóònù ìyá ni. Bí ọmọ bá tẹ̀ ẹ́, ìyá ni ẹ̀rọ kà sí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá tilẹ̀ jí ìyá láti bi í léèrè, kò ní ka ìwé náà, kì í ṣe nítorí àìbìkítà, bí kò ṣe pé ó gbọ́dọ̀ padà dé ọjà ní ìdájí. Ọrùn ẹni tí ń wòran ni ó yẹ kí ẹrù náà wà. Òótọ́ ni pé eré kò lè lọ déédéé bí ẹ̀rọ kò bá mọ ohunkóhun nípa àwọn tí ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun tí oníléeṣẹ́ kò bá lè ṣàlàyé fún ọmọ náà, ní ọ̀rọ̀ tí yóò yé e, kí ó má ṣe kó o.

Wọ́n ní kí Epic Games pa dátà tí ó kó lọ́nà àìtọ́ rẹ́, àfi èyí tí òbí bá yọ̀ǹda. Ó dára bẹ́ẹ̀. Òǹwòran ayò a máa gbàgbé, a sì máa kú. Ọmọ Kétu yìí yóò di ẹni ọdún 30, yóò lọ wá iṣẹ́ tàbí kí ó lọ yá owó, kò sì ní mọ̀ bóyá ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀ ti mọ bí ó ṣe ń ṣeré nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 11.