Sẹ́ẹ̀lì Tí Kò Ríran, Tí A Fi Ń Ríran

Ní 1942, Selig Hecht, Simon Shlaer àti Maurice Pirenne, ní Yunifásítì Columbia ní New York, wọ inú òkùnkùn biribiri. Wọ́n dúró títí òkùnkùn náà fi mọ́ ojú wọn lára, wọ́n wá ń tan ìmọ́lẹ̀ bíńtín sí ojú náà. Wọ́n rí i pé bí rẹ́tínà, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà ní ẹ̀yìn inú ẹyinjú, bá gba ẹyọ ìmọ́lẹ̀ 5 sí 14 péré lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó ni ojú á sọ pé òun rí nǹkan. Ní 1979, Denis Baylor, Trevor Lamb àti King-Wai Yau fi sẹ́ẹ̀lì ojú ọ̀pọ̀lọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹyọ kan ṣoṣo tó láti ta sẹ́ẹ̀lì náà jí. Ìmọ́lẹ̀ kò sì ní ohun tó kéré ju ẹyọ kan lọ. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ gan-an parí sí ni Olódùmarè mú ojú ẹ̀dá dé. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní wólẹ̀?

Síbẹ̀, kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ ni mo fẹ́ yìn jù. Rẹ́tínà kò nípọn tó ìdajì mìlímítà. Inú rẹ̀ ni nǹkan bí mílíọ̀nù 120 sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá wà, àwọn tí a fi ń ríran lábẹ́ òṣùpá, pẹ̀lú nǹkan bí mílíọ̀nù 6 sẹ́ẹ̀lì ṣóńṣó, àwọn tí a fi ń mọ àwọ̀ tí a sì fi ń kàwé. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni ìpele sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tẹ́ sí, ó dúdú, aró tó mú awọ ara wa dúdú ló wà nínú rẹ̀. Àwọn dókítà ojú ń pè é ní RPE. Kò ríran. Kì í jíṣẹ́ ohunkóhun fún ọpọlọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá kú, èyí tó ń ríran á kú tẹ̀ lé e.

Kí ló ń ṣe níbẹ̀? Orí sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá kún fún abala pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n to léra wọn, inú wọn ni èròjà tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wà. Ibẹ̀ le láti gbé. Ìmọ́lẹ̀ ń ta á láti àárọ̀ dalẹ́, ọ́síjìn pọ̀ níbẹ̀, ọ̀rá tó wà lára rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tó tètè ń bàjẹ́. Sẹ́ẹ̀lì náà kì í bí òmíràn rọ́pò ara rẹ̀. Báwo ló ṣe wá ń lo 80 ọdún? Richard Young, ní Los Angeles, ló fi ìdáhùn hàn ní 1967. Ó fi èròjà onítànṣán sàmì sí purotéènì tuntun nínú ojú ẹranko, ó sì ń ṣọ́ àmì náà bí ó ti ń sún lójoojúmọ́. Abala tuntun ń hù láti ìdí, ó ń ti àwọn tó ti wà níbẹ̀ síwájú, nígbà tí ó bá fi máa tó nǹkan bí ọjọ́ 10, gbogbo wọn ti di tuntun.

Níbo wá ni àwọn tó ti gbó ń lọ? Ní 1969, Young àti Dean Bok bá wọn nínú RPE: ó ti gbé wọn mì, ó sì ń dà wọ́n. Ní 1976, Matthew LaVail rí i nínú ojú eku pé iṣẹ́ yìí ní àsìkò. Kété tí ilẹ̀ bá mọ́ ni sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá ń já ṣóńṣó orí rẹ̀ sílẹ̀, tí RPE sì ń kó o, bí ìyàwó ilé tó ń gbálẹ̀ àgbàlá kí ẹsẹ̀ tó pọ̀ níta. Kódà bí wọ́n bá fi eku náà sínú òkùnkùn, àsìkò yẹn kì í yẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì RPE kan ń tọ́jú nǹkan bí 30 nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń gbé mì lóòjọ́, láìsí ọjọ́ ìsinmi. Àwọn onímọ̀ kà á mọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé nǹkan mì jù lọ nínú ara. Èyí tó sì ń gbà mí lọ́kàn jù nìyí: lẹ́yìn tí a bá ti bí wa, RPE kì í sábà pín láti bí òmíràn mọ́. Èyí tí a gbé wá láti inú ìyá wa ló ń ṣiṣẹ́ lójú wa di òní. Ìyá tó ti pé ẹni 80 ọdún tó bá wo ojú àkọ́bí rẹ̀ láàárọ̀ yìí, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ojú rẹ̀ ró ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó sọ òun fúnra rẹ̀ lórúkọ.

Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ kékeré ni, kí ó wo irú eku kan tí ìròyìn rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní 1938, tí ojú wọn ń fọ́ bí wọ́n ti ń dàgbà. Ní 1962, John Dowling àti Richard Sidman rí i pé pàǹtírí ti kún àárín rẹ́tínà wọn àti RPE. Ó di 2000 kí a tó mọ ìdí rẹ̀. Àbùkù wà nínú jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní Mertk, kò sì jẹ́ kí RPE wọn lè gbé pàǹtírí náà mì. Jíìnì àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ríran kọ́ ló bàjẹ́. Àìgbálẹ̀ ló pa wọ́n. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n rí àbùkù jíìnì yìí lára àwọn ènìyàn kan tí ojú wọn ń kú díẹ̀díẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé òdì ni wọ́n to rẹ́tínà, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ní láti la àwọn iṣan àti sẹ́ẹ̀lì mìíràn kọjá kí ó tó kan àwọn tó ń gbà á, tí wọ́n kọjú sẹ́yìn. Òótọ́ ni pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tò ó. Èmi kò gbà pé òdì ni. Sẹ́ẹ̀lì tó ń ríran gbọ́dọ̀ fi orí kan RPE, RPE náà sì gbọ́dọ̀ jókòó ti àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yìn ojú, ọ̀kan nínú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn jù lọ nínú ara, kí ó lè rí oúnjẹ gbà níbẹ̀, kí ó sì rí ibi da ìdọ̀tí sí. Bí wọ́n bá gbé e síwájú, dúdú rẹ̀ ni yóò dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà. Ní àárín gbùngbùn rẹ́tínà, níbi tí ìran ti já gaara jù, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ìbá dínà ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ìmọ́lẹ̀. Ẹni tó tò ó mọ ohun tó ń ṣe.

RPE tún ní iṣẹ́ mìíràn. Fítámì A wà nínú èròjà tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Iṣẹ́ tí George Wald ṣe lórí rẹ̀ ló fi wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1967. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti kàn án, ó yí ìrísí padà, kò sì wúlò mọ́ títí RPE yóò fi tún un tẹ̀ bọ̀ sípò. Èròjà tó mú epo pupa pọ́n ni ara ń sọ di fítámì yìí, ọmọ tí kò bá sì rí i tó nínú oúnjẹ kì í ríran bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà tí oúnjẹ kò lè ràn lọ́wọ́, nítorí pé jíìnì RPE65, tí RPE fi ń ṣe àtúnṣe náà, ti bàjẹ́ láti inú oyún. Ajá kan tó ń jẹ́ Lancelot náà ní irú àbùkù bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gbé jíìnì tó pé sí ẹ̀yìn rẹ́tínà rẹ̀, ó sì ríran. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2001. Ní oṣù Kejìlá 2017, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú náà fún ènìyàn.

Ogbó kò yọ RPE sílẹ̀. Ohun tí kò lè dà tán ń ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ lọ́dọọdún. Ní 1993, Christine Curcio àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé láti ọdún 34 sí 90, nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá tó wà láàárín rẹ́tínà ń kú, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ṣóńṣó tó wà ní àárín gbùngbùn ń dúró. Nítorí náà, bí iná bá lọ lójijì tí màmá àgbà dúró, tó na ọwọ́ sí ògiri, kì í ṣe pé ó ń lọ́ra. Àtúnṣe fítámì náà ń lọ lọ́wọ́ lójú rẹ̀, kò kàn yá bíi ti àtijọ́ mọ́ ni. Ẹ dúró dè é.

Nínú àwọn mìíràn, èérí ń ṣù sábẹ́ RPE, RPE fúnra rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ojú á wá máa rí ẹ̀gbẹ́ láìrí ẹni tó dúró síwájú. Àwọn aláwọ̀ funfun ni èyí ń bá jà jù. Láàárín àwa, glaucoma ló ń ṣe ọṣẹ́ jù ú lọ, èyí tó ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìran lọ sí ọpọlọ, láìsí ìrora, ohun tó bá sì bà jẹ́ kì í padà. Àtọ̀gbẹ àti fòníkú-fọ̀ládìde náà ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ́tínà jẹ́ kí ẹni náà tó fura. Dókítà lè rí gbogbo wọn ní ẹ̀yìn ojú kí ìran tó lọ, bí a bá tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2014, ní Kobe ní ilẹ̀ Japan, Masayo Takahashi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lo ọ̀nà tí Shinya Yamanaka là sílẹ̀. Wọ́n gba sẹ́ẹ̀lì láti ara awọ obìnrin kan tó ti lé ní 70 ọdún, tí RPE rẹ̀ ti ń kú, wọ́n dá a padà sí bí sẹ́ẹ̀lì ti ń rí nínú ọlẹ̀, wọ́n sì tọ́ ọ títí ó fi di RPE dúdú. Wọ́n wá fi abala kan, 1.3 mìlímítà sí 3, sábẹ́ rẹ́tínà rẹ̀. Nígbà tí ó pé ọdún kan, ìran rẹ̀ kò dára sí i, kò sì burú sí i, abala náà sì wà níbẹ̀ ní pípé. Gbogbo ọgbọ́n yẹn kò tíì kárí rẹ́tínà ojú kan. Kí Olódùmarè fún ọwọ́ wọn lókun.