ÒNÍ LÀ Ń RÍ, TA NI Ó MỌ Ọ̀LA?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ Ayé, Àṣàkẹ́ Ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí kọ́kọ́rọ́ ohun ìkọ̀kọ̀ wà ní ọwọ́ Rẹ̀ nìkan. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ nínú oṣù yìí kò jìnnà sí wa. Láti ìgbà tí líìgì bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì bá ti parí ní oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹjọ tí òmíràn yóò bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó bá gba ìgboro Odogbolu kọjá lẹ́yìn ìrun Alásárì yóò rí àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n pagbo níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, pẹ̀lú bébà àti bírò lọ́wọ́. Ogún ẹgbẹ́ ni wọ́n ń tò láti òkè dé ìsàlẹ̀: ta ni yóò gba ife, àwọn mẹ́rin wo ni yóò wà lókè, àwọn mẹ́ta wo ni yóò já bọ́. Wọn a jiyàn títí ohùn yóò fi ha. A kò sọ èyí láti fi bú wọn, nítorí àwọn kan nínú àwa tí a ń kọ ìwé yìí ti jókòó nínú agbo náà rí.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn bàbá wa kọ púùlù. Bí bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì bá lọ sí ìsinmi, ilé púùlù kì í sinmi. Bọ́ọ̀lù Ọsirélíà ni wọ́n ń gbé wá rọ́pò. Ẹ wo bàbá àgbàlagbà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí kò mọ ọ̀nà Ọsirélíà, tí ó jókòó sábẹ́ igi, tí ó ń ronú èwo nínú àwọn ẹgbẹ́ ibẹ̀ ni yóò gbá ọ̀mì ní ọjọ́ Sátidé! Mélòó nínú wọn ni owó púùlù kọ́ ilé fún? Mélòó ni ó sì ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀?

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá wa lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Gààrí ni ìyá rẹ̀ ń yan. Ìyá náà ti kó owó ìdánwò oníwèé mẹ́wàá fún un, owó tí ó fi èéfín ààrò wá. Ọmọ náà kò fi mutí, kò sì fi ra bàtà. Ó ti kọ tábìlì tirẹ̀ fún sáà tí ń bọ̀, ó sì dá a lójú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kó gbogbo owó náà lọ sí ilé tẹ́tẹ́ pé ẹgbẹ́ òun ni yóò gba ife. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ṣírò rẹ̀ dáadáa, kò yẹ kí ó yẹ̀." Kí ọdún tó parí, ó ti yẹ̀. Ilé ni ó jókòó sí nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Ohun tí ó dùn wá jù ni ìbéèrè tí ó bi wá: "Ẹ̀gbọ́n, níbo ni ìṣirò mi ti yẹ̀?" Kò béèrè ibi tí ẹsẹ̀ òun ti yẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè tí ó bi wá. Ní sáà 2014 sí 2015, Chelsea ni ó gba ife ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Leicester City sì ṣe ipò kẹrìnlá, díẹ̀ ló kù kí wọ́n já bọ́. Nígbà tí sáà 2015 sí 2016 fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn onítẹ́tẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń polongo pé ẹni tí ó bá fi pọ́n-ùn kan lé Leicester yóò gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún bí wọ́n bá gba ife, nítorí lójú wọn, kò lè ṣẹlẹ̀. Leicester gba ife náà. Chelsea ṣe ipò kẹwàá. Ní 2023, Leicester kan náà já bọ́ kúrò ní líìgì náà. Nítòsí wa níhìn-ín, ẹgbẹ́ Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ ti já bọ́ rí. Wọ́n padà wá, wọ́n ṣe ipò kejì ní 2023, wọ́n tún ṣe ipò kejì ní 2024, àwọn kan sì ti ń pè wọ́n ní ẹlẹ́ẹ̀kejì títí ayé. Ní 2025, wọ́n gba ife Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀dá ò láròpin.

Kí ni ẹ̀sìn wa wí sí èyí? Nínú hádíìsì tí Bukhari gbà wá láti ọ̀dọ̀ Anas, Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní ràkúnmí kan tí ń jẹ́ Al-Adbá, tí kò sí ràkúnmí tí í ré e kọjá nínú eré ìje. Ní ọjọ́ kan, ará oko kan gun ọ̀dọ́ ràkúnmí wá, ó sì ré Al-Adbá kọjá. Ó ká àwọn Mùsùlùmí lára. Ànábì wá jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé Ọlọ́hun ti ṣe é ní dandan pé kò sí ohun tí yóò ga ní ayé yìí tí Òun kò ní rẹ̀ sílẹ̀. Ọlọ́hun náà sì sọ fún wa nínú Sūratu Āli-Imrān, 3:140, lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí fara gbọgbẹ́ ní Uhud, pé Òun ni Ó ń yí ọjọ́ ìṣẹ́gun po láàrin àwọn ènìyàn. Nínú Sūratu Luqmān, 31:34, Ó là á yé wa pé kò sí ẹ̀mí kan tí ó mọ ohun tí yóò ṣe ní ọ̀la.

Ǹjẹ́ ó wá di háráámù kí ọ̀dọ́ sọ pé, "Mo rò pé ẹgbẹ́ báyìí yóò ṣe dáadáa"? Rárá o. Àgbẹ̀ a máa wo ojú ọ̀run, a sì máa sọ pé òjò lè rọ̀. Àròsọ lásán ni, bí ènìyàn bá mọ̀ ọ́n sí àròsọ. Ilẹ̀kùn mẹ́ta ni Ṣàìtánì máa ń gbà wọlé.

Ilẹ̀kùn kìíní ni owó. Bí a bá ti fi owó lé àròsọ náà, ó ti di tẹ́tẹ́. Sūratul Mā'idah, 5:90 sí 91, ka tẹ́tẹ́ mọ́ ọtí àti òrìṣà, ó ní ẹ̀gbin nínú iṣẹ́ Ṣàìtánì ni, ó sì fa ọ̀tá àti ìkórìíra sáàrin ènìyàn. Ìbáà ṣe ìwé púùlù, ìbáà ṣe orí fóònù, ìbáà ṣe ẹgbẹ̀rún náírà tí ọ̀rẹ́ méjì dá jọ pé kí ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kó o, ìdájọ́ kan náà ni.

Ilẹ̀kùn kejì ni kí a máa wá ìdánilójú kiri. Àwọn kan ń lọ bá ẹni tí ń tẹ yanrìn pé kí ó wo ẹgbẹ́ tí yóò borí. Nínú hádíìsì tí Muslim gbà wá, ẹni tí ó bá lọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ aríran, a kò ní gba ìrun rẹ̀ fún ogójì òru. Bí onítira náà bá mọ ẹni tí yóò gba ife, kí ló dé tí bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ fi já?

Ilẹ̀kùn kẹta ni àkókò àti ahọ́n. Bọ́ọ̀lù ọjọ́ Sátidé a máa bá ìrun Alásárì pàdé, ti ìrọ̀lẹ́ a máa gba orí Màgáríbì kọjá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yẹ̀yẹ́ àti orúkọ ìnagijẹ, èyí tí Sūratul Hujurāt, 49:11, kọ̀ fún wa. A mọ àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ kéú, tí wọn kì í kí ara wọn mọ́ nítorí ẹgbẹ́ tí kò mọ̀ pé Odogbolu wà láyé.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ṣebí Sàyídínà Abu Bakr náà fi ràkúnmí lé àsọtẹ́lẹ̀?" Lóòótọ́ ni ìtàn náà wà. Àwọn ará Páṣíà ti ṣẹ́gun àwọn ará Róòmù, inú àwọn kèfèrí Mẹ́kà sì dùn. Sūratur Rūm sọ̀ kalẹ̀ pé àwọn ará Róòmù yóò padà borí láàrin ọdún díẹ̀, Abu Bakr sì bá wọn dá a. Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyàtọ̀ méjì: ọ̀pọ̀ onímọ̀ sọ pé kí òfin tẹ́tẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun ni Abu Bakr gbẹ́kẹ̀ lé, kò gbẹ́kẹ̀ lé ọgbọ́n orí rẹ̀. Ìwọ tí o gbé owó ìyá rẹ lọ, wáhàyí wo ni ó sọ̀ kalẹ̀ fún ọ?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, Ọlọ́hun kò ní kí a má ronú nípa ọ̀la. Sūratul Hashr, 59:18, pàṣẹ pé kí ẹ̀mí kọ̀ọ̀kan wo ohun tí ó ti tì síwájú fún ọ̀la rẹ̀. Ọ̀la tí ó yẹ kí a ṣírò nìyẹn. Ẹ mú bébà àti bírò yẹn, kí ẹ fi kọ tábìlì tiyín láti Ràmàdáánì kan sí èkejì: ìrun mélòó ni mo kí lásìkò? Sūrà mélòó ni mo há sí i? Gbèsè ta ni ó wà lọ́rùn mi? Ìgbà wo ni inú ìyá mi dùn sí mi kẹ́yìn? Nínú tábìlì yìí, ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ lè ronú pìwà dà lónìí kí ó sì gòkè, ẹni tí ó wà lókè kò sì gbọdọ̀ fọkàn balẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa yẹn ṣe iṣẹ́ lébìrà, ó fi owó ara rẹ̀ san owó ìdánwò ní ọdún kejì, ó sì bẹ ìyá rẹ̀. Ó ṣì ń wo bọ́ọ̀lù. Bí wọ́n bá bi í pé ta ni yóò gba ife, á sọ èrò rẹ̀, á sì fi kún un pé, "Ọlọ́hun ni ó mọ̀ jù." Tí wọ́n bá wá pe Alásárì, á dìde.

Kí Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ kí a fi owó òógùn àwọn òbí wa ṣòfò. Kí Ó fi háláálì tẹ́ wa lọ́rùn kúrò níbi háráámù. Kí Ó jẹ́ kí a wà nínú àwọn tí yóò borí ní ọjọ́ tí kò ní sí sáà mìíràn mọ́. Āmīn.