Ta Ló Ni Owó Òrùlé?

Ọ̀rọ̀ ilé ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa yóò di onílé lọ́jọ́ kan.

Lẹ́yìn tí mo gboyè jáde, mo rí iṣẹ́ ní Zaria. Mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mo sì kọ́ yàrá mẹ́jọ sí Samaru fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìṣirò mi dára lórí ìwé. Yàrá kan jẹ́ ₦100,000 lọ́dún, mẹ́jọ jẹ́ ₦800,000. Gbèsè yóò gba ₦600,000, mo ka ìyókù sí èrè. N kò yọ kọ́bọ̀ sílẹ̀ fún àtúnṣe, n kò sì rò ó pé yàrá lè ṣófo.

Ní ọdún 2022, ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Yàrá mẹ́ta ṣófo, ṣùgbọ́n gbèsè kò bá wọn daṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé ní oṣù kẹwàá, mo sọ owó ilé di ₦130,000.

Arábìnrin kan tí ó ti ń sọ fún mi tipẹ́ pé òrùlé òun ń jò wá bá mi. Ó ní, “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ sà, òjò ti ba ìwé mi jẹ́ nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ àwọn òbí mi. Ṣé owó tí ẹ fi kún un yìí, ti òrùlé ni?”

N kò rí èsì fọ̀. Kì í ṣe ti òrùlé. Àdánù mi ni mo fẹ́ kí wọ́n san. Òun náà sì ti pàdánù oṣù mẹ́jọ, ó ti san owó yàrá tí kò sùn nínú rẹ̀.

Àwọn kan ní, “Ilé mi ni, iye tí ọjà bá pè ni mo máa gbà.” Àwọn mìíràn ní kí Kristẹni máa gba owó táṣẹ́rẹ́. N kò fara mọ́ èyíkéyìí. Bí owó ilé bá kéré jù, ilé á wó lé ayálégbé lórí. Yàrá olówó pọ́ọ́kú tó ń jò kì í ṣe àánú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ èrè ni kí ó ru àdánù.

Nínú Diutarónómì 22:8, Ọlọ́run pàṣẹ pé kí ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun mọ odi kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣubú. Ẹ kíyè sí i: kí ẹnikẹ́ni tó ṣubú ni àṣẹ náà ti wà. Owó ààbò kì í ṣe ìtọrẹ àánú. Ara owó ilé ni.

Mo dá owó náà padà sí ₦100,000 lọ́dún náà, mo tún òrùlé ṣe, mo sì bẹ ẹgbẹ́ kí wọ́n fún mi ní àkókò sí i. Ní báyìí, mo ń yọ owó oṣù kan nínú méjìlá fún àtúnṣe, òmíràn fún yàrá tó bá ṣófo, kí n tó dárúkọ èrè. Bí mo bá fẹ́ fi owó kún un, mo máa ń sọ ọ́ ṣáájú, mo sì máa ń sọ ìdí rẹ̀. Èrè mi kéré, n kò sì tíì kọ́ ilé kejì.

Ẹ̀yin onílé ọ̀la, bí ẹ bá jókòó ṣírò, ẹ kọ́kọ́ ka ẹni tí yóò sùn sábẹ́ òrùlé náà. Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́. Àmín.